Bí A Ṣe Ń Pa Bíbélì Dé

Ẹ jẹ́ ká yin ọwọ́ tó mọ Bíbélì í pa dé. Ṣíṣí rẹ̀ kò le. Ọmọdé lè ṣí i, aláìgbàgbọ́ lè ṣí i, afẹ́fẹ́ lásán láti ojú fèrèsé lè ṣí i. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ka ẹsẹ kan ṣoṣo, kí ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti òkè ọ̀run, kí ó wá fi ọwọ́ kan pa ìwé ńlá náà dé, gbàà, níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ìró rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá: ẹ̀bùn nìyẹn. Wọn kì í kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Adájọ́ tó ń fi òòlù igi lu tábìlì kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí adájọ́ ní láti gbọ́ ẹjọ́ tán kó tó lù ú.

Pásítọ̀ wa kejì ní ẹ̀bùn náà dé góńgó. Awọ dúdú tó ń dán ni wọ́n fi bo Bíbélì rẹ̀, etí ìwé inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà, síìpù yí i ká bíi ti àpò ìrìn àjò, wọ́n sì fi wúrà tẹ oyè àti orúkọ rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀. Oyè náà gùn débi pé orúkọ ní láti fún ara rẹ̀ pọ̀ kó tó ráyè. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò fa síìpù náà díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìjọ yóò sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Yóò ka ẹsẹ kan. Yóò pa á dé. Láti ìgbà náà títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, ìwé náà kò tún ní rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Fún wákàtí méjì tó tẹ̀lé e, a ó gbọ́ nípa àwọn ọ̀tá rẹ̀, nípa àwọn àna rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ èèyàn kan náà, àti nípa ọkọ̀ òfuurufú kan tó fẹ́ já tí kò já nítorí pé òun wà nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́yà ni mò ń ṣe. Ó ti mọ́ mi lára. Mo kàwé ní yunifásítì nílé, mo gboyè nínú lítíréṣọ̀, mo sì gbé ìmọ̀ náà wá sí London, níbi tí wọ́n ti fún mi ní ẹ̀wù dúdú, tí wọ́n ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà bàtà kan ní Powis Street, ní Woolwich, kí n máa wo ẹni tó bá fẹ́ wọ bàtà jáde láìsanwó. Ẹni tó bá dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ yóò di ẹlẹ́gàn, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Thamesmead, lókè ilé iṣẹ́ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀. Àwọn onítáyà kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n òórùn rọ́bà kì í gba ìsinmi. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ wà, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó wà, àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì wà, àti àwọn ìyá tí ọmọ wọn mú wá láti Nàìjíríà kí wọ́n lè bá wọn wo ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé. Kò sí okun lára wa láti yẹ ẹnikẹ́ni wò. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wa la ó jẹ.

Kí pásítọ̀ kejì tó dé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ló dá ìjọ náà sílẹ̀, òun náà ló sì ń darí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, yóò wọlé tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, yóò gbé fúláàsì tíì sórí tábìlì, yóò sì kọjú sí pátákó funfun kan tí bírò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ohun mẹ́ta kan náà ló máa ń kọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́? Bí a kò bá tíì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde sọ ohun tí Ọlọ́run fi ẹsẹ náà bá òun sọ.

A kì í ju mẹ́wàá lọ. Ohùn rẹ̀ kò dùn. Bí ẹni tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀ ló ṣe ń kàwé: kò ní fo ìkankan, kò sì ní sáré kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti fẹ́ sọ̀.

“Daddy,” ni nọ́ọ̀sì kan wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé ibi ìwé ìran, “ṣé ẹ ò lè jẹ́ ká fo orúkọ àwọn èèyàn yìí ni? Wọ́n ti pọ̀ jù. From work ni mo ti ń bọ̀ o.”

“Ẹ fò wọ́n. Bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣàlàyé fún wọn.”

Oṣù kan gbáko la fi ka lẹ́tà kan ṣoṣo, èyí tí wòlíì kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí ọba Bábílónì kó lẹ́rú lọ. Gbogbo ìjọ wa tó wà ní London ló mọ ẹsẹ kan nínú lẹ́tà náà, ibi tí Ọlọ́run ti ní òun mọ èrò rere tí òun ń rò sí wọn. Ó wà lára kálẹ́ńdà, ó wà lára ife, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó ní ká ka ibi tí wòlíì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n dá ọgbà, kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, nítorí pé ó máa pẹ́. Ó ní ká ka ibi tí Ọlọ́run ti bínú sí àwọn wòlíì tó ń tan àwọn èèyàn náà jẹ, tí ó ní òun kò rán wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ní ká ka iye ọdún.

“Àádọ́rin ọdún kẹ̀?” Nọ́ọ̀sì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. “Daddy, ẹni tó gba lẹ́tà yẹn á ti kú kó tó pé!”

“Ẹ ṣé. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń retí kí ẹnì kan bínú.”

“Kí ló wá dára níbẹ̀?”

“Pé a ò gbàgbé yín, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, ẹ ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní ọ̀la ni. Lẹ́tà ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má ti àárín ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹlòmíràn.”

Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin kan lára wa tó ń gbé Thamesmead East gbin tòmátò sínú bókẹ́ẹ̀tì lórí bàkónì rẹ̀. Ó ní ohun tí wòlíì wí lòun ń ṣe. Nígbà tó yá, tòmátò náà so mẹ́rin, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ wá fún wa wò ní Ọjọ́rú kan.

Mo máa ń sín awakọ̀ náà jẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, bó ṣe ń fẹ́ tíì, bó ṣe ń sọ pé “ẹ jẹ́ ká padà sí ẹsẹ kìíní” bí ẹni tí wọ́n dínà mọ́. Síbẹ̀ mi ò pa Ọjọ́rú kan jẹ. Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi wàásù bíi tàwọn yòókù, kí èrò lè pọ̀. Kò gbé ojú sókè nídìí fúláàsì rẹ̀.

“Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ yín títí ẹ ó fi lè mọ̀ bí mo bá ń purọ́.”

Mo rò pé àwàdà ni. Láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé nípa iṣẹ́ olùṣọ́ àgùntàn, láti ẹnu àwọn tí oyè wọn kò ṣeé pè tán ní èémí kan. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó sàn ju ìyẹn lọ.

Orúnkún ló lé e kúrò. Ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìbàdàn, àwọn alàgbà sì lọ wá ẹni tó ní ohùn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú ti di Wákàtí Iná. Wọ́n gbé pátákó funfun lọ sẹ́yìn, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kàn láti fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i. Ìyẹn nìkan ni ohun tí gbogbo ìjọ ṣì ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Èrò pọ̀ sí i. Mẹ́wàá di àádọ́ta, a sì ń yá àga lọ́wọ́ àwọn onítáyà. Nígbà tí mo sọ fún alàgbà kan pé a kò kẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ó nawọ́ sí àwọn àga náà, ó ní kí n kà wọ́n.

Ibẹ̀ ni èmi náà ti wọlé. Pásítọ̀ kejì gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Mushin, nítorí pé Mushin ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n Òyìnbó ló fi ń wàásù, kí àwọn tó bá ń kọjá nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ìjọ àgbáyé ni wá. Nítorí àwọn ìyá, ó nílò ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn kejì ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Yóò sọ gbólóhùn kan, yóò dákẹ́. Èmi yóò gbà á, èmi yóò sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ó bá fò, èmi náà á fò. Bí ó bá nu ojú, èmi náà á wá aṣọ ìnujú mi. Ẹni tó bá ń wò wá láti ẹ̀yìn á rò pé ọkùnrin kan ló ń bá òjìji rẹ̀ jà.

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó bá sọ gan-an ni mò ń sọ. Ó sú mi. Gbólóhùn rẹ̀ gbẹ. Lítíréṣọ̀ ni mo kà, kì í ṣe kàfíńtà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i. Bí ó bá ní Ọlọ́run máa ràn yín lọ́wọ́, èmi á ní Ọlọ́run máa gbé yín pọ̀n bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tó sunkún sùn. Àwọn ìyá á dìde. Pásítọ̀ á wò mí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì dúró gba ariwo náà bíi tiẹ̀. A mọwọ́ ara wa dáadáa: òun kò tẹ̀lé ìwé, èmi kò tẹ̀lé òun.

“Uncle, ẹnu yín dùn,” ni ìyá kan wí fún mi ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa kan ní Woolwich, láàárín iṣu àti ẹja gbígbẹ. “Ẹ̀yin gan-an lẹ ń wàásù. Pastor kàn ń bá yín ṣílẹ̀kùn ni.”

“Háà, Mummy, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo sì tún yí ṣọ́ọ̀bù náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i láìra nǹkan kan, bóyá ẹlòmíràn á tún sọ ọ́.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí dé sáàárín wa lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú ti kú. Ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Èmi ń pè é ní Auntie, òun ń pè mí ní Uncle, bí àwa tí a kò bá ara wa tan ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ó ń tọ́jú ìyá arúgbó Òyìnbó kan ní Abbey Wood, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ojú irin tuntun nígbà náà. Bí oòrùn bá ràn, á ti arúgbó náà lórí kẹ̀kẹ́ lọ síbi àwókù ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ tó wà lẹ́bàá igbó, wọ́n á jókòó ti àwọn òkúta.

“Ṣọ́ọ̀ṣì ni ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ o, Uncle,” ó sọ fún mi rí. “Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ẹ wá wò ó báyìí, ẹyẹlé nìkan ló kù tó ń ṣe vigil.”

Kò kàwé púpọ̀. Ó lè ka Bíbélì Yorùbá bó bá fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Òyìnbó rẹ̀ sì tó láti bi arúgbó bóyá ó fẹ́ tíì. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n ti gbà sí ilé ẹ̀kọ́ girama fún oṣù kẹsàn-án, tí ó sì máa ń tún Òyìnbó ìyá rẹ̀ ṣe níṣojú gbogbo ayé. Ohun kan ṣoṣo ni Auntie ń bẹ Ọlọ́run fún: ìwé tí yóò jẹ́ kí òun àti ọmọ náà lè dúró ní ìlú yẹn. Ó ti kọ̀wé sí ìjọba. Gbogbo ìjọ ló mọ̀, nítorí pé ní gbogbo Wákàtí Iná ló ń dìde bí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó ń retí ìwé dìde. Kò dá nìkan dìde.

Ìdáhùn ìjọba dé lọ́jọ́ Ẹtì kan. Wọ́n kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ó parí nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ló kà á fún un, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Auntie sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò sùn lóru yẹn. Ó ki lẹ́tà náà bọ inú Bíbélì rẹ̀, ó sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, pásítọ̀ ka ẹsẹ kan. Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó parí: ẹsẹ ara kálẹ́ńdà, ẹsẹ ara ife. Gbàà. Ó pa á dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Ó sọ lédè Òyìnbó pé oṣù náà kò ní parí kí èrò rere Ọlọ́run tó ṣẹ mọ́ wa lára. Mo sọ ọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba lẹ́tà tó bà wá nínú jẹ́. Mo sọ ọ́. Ó ní lẹ́tà kankan kọ́ ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ayé wa.

Gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ká ní mo sọ ọ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ó gbẹ, àwọn ìyá sì ń wò mí. Mo gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ẹnu, mo ké: “Má dá lẹ́tà kankan lóhùn! Ọlọ́run ti bá ọ dá a lóhùn! Kí lo tún fẹ́ kọ, tí Ọ̀gá ògo ti kọ?”

Ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lu àwọn táyà tó wà nísàlẹ̀. Pásítọ̀ dúró, ó wò mí, ó sì gbàgbé pé òun kì í sọ Yorùbá lórí pẹpẹ. “Tún un sọ!” ó ké. “Tún un sọ!” Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo rí Auntie láàárín èrò. Ó fa Bíbélì rẹ̀ mọ́ àyà, omi ń dà lójú rẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ẹ wo bí mo ṣe mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Kò kọ nǹkan kan. Oṣù parí, kò sì sí èrò kankan tó ṣẹ. Lẹ́tà kejì dé, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ọjọ́ tí yóò kúrò nílùú ló dá fún un. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó má wá mọ́, nítorí òfin. A gbọ́ pé arúgbó náà ń béèrè rẹ̀, tí ó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó wá pinnu láti lọ bá lọ́yà, ó ní kí n bá òun lọ. Lọ́yà náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wo lẹ́tà àkọ́kọ́, ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Auntie, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi fèsì nígbà yẹn?”

“Wọ́n ní ká má fèsì ni.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọlọ́run ni.”

Lọ́yà náà gbé bírò sókè, ó tún gbé e kalẹ̀. Èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Auntie, mò ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

Àwa mẹ́ta nínú ìjọ la sìn wọ́n lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọbìnrin náà wọ ẹ̀wù ilé ẹ̀kọ́ girama, tuntun, pẹ̀lú táì. Ìyá rẹ̀ ti rà á kí ọ̀rọ̀ náà tó bàjẹ́. Ọmọ náà ní òun kò tíì wọ̀ ọ́ rí, kò sì sí ibi mìíràn tí òun máa wọ̀ ọ́ lọ.

Inú bí mi, bí inú ṣe máa ń bí àwa tí a mọ̀wé. Mo lọ bá pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Bíbélì aláwọ náà wà lórí tábìlì, síìpù rẹ̀ wà ní pípa dé.

“Ẹ ka ẹsẹ kan, ẹ sì pa ìwé dé,” mo wí. “Ẹ ò jẹ́ kí Auntie mọ̀ pé àádọ́rin ọdún ló ṣáájú ẹsẹ yẹn. Ẹ ò jẹ́ kó mọ̀ pé ìkìlọ̀ nípa irú ìwàásù tí ẹ ṣe gan-an ló wà lókè rẹ̀. Kí ni iṣẹ́ yín, bí ẹ ò bá kọ́ wọn? Ká ní ẹ kọ́ wọn ni, ì bá ti mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, ì bá sì ti fèsì lẹ́tà yẹn.”

Kò bínú. Ó ní kí n jókòó. “Brother, ṣé èmi ni mo ní kó má fèsì?”

“Ẹ sọ ọ́,” mo wí, mo sì ń wò ó lójú tààrà.

Ó ní CD ìwàásù ọjọ́ náà nínú àpótí rẹ̀. Ó fi í sínú ẹ̀rọ. A gbọ́ ohùn rẹ̀, lédè Òyìnbó, pé lẹ́tà kankan kọ́ ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn tèmi. Ó dùn lóòótọ́. A jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ta nìyẹn?” pásítọ̀ béèrè.

Mo na ọwọ́, mo pa ẹ̀rọ náà.

“Èmi, mi ò ka ohun tó ṣáájú ẹsẹ yẹn rí,” ó wí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í jẹ ẹja. “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwọ ńkọ́, professor? Ìwọ kà á, àbí?”

Mo fi ìjọ náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ti sọ ìtàn yìí ní ibi púpọ̀, fún àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ búburú pásítọ̀, mo sì mọ ibi tó yẹ kí n parí rẹ̀ sí. Mo máa ń parí rẹ̀ síbi tí ó ti ní òun kò ka ohun tó ṣáájú rí. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ẹ ò rí nǹkan. Bí ara mi bá yá, mo máa ń sọ ti CD náà pẹ̀lú, kí wọ́n lè rí i pé mo máa ń sọ òtítọ́ nípa ara mi. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún wọn rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn pé, Auntie wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Powis Street.

“Uncle, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní pẹ́.” Ó yọ Bíbélì nínú báàgì, ó yọ lẹ́tà ìjọba nínú Bíbélì. “Ọmọ arúgbó tí mò ń tọ́jú ló rí lẹ́tà yìí lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n sáré lọ bá lọ́yà, pé time ti ń lọ. Mo ní Pastor ti ní ká má fèsì. Ó wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo wá ní kí n ka ibẹ̀ fúnra mi. Mo rí i pé lẹ́tà ni, Uncle. Ẹnì kan ló kọ ọ́ sí àwọn kan. Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ bá mi wò ó, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́?”

Kò jókòó níwájú pátákó funfun yẹn rí. Òun nìkan ló fi ìka tọ ọ̀nà dé ìbéèrè kẹta.

Ìka náà wà lórí ẹsẹ tí pásítọ̀ kà. Ká ní mo gbé e sókè díẹ̀ ni, ilé àti ọgbà wà níbẹ̀, àádọ́rin ọdún wà níbẹ̀, àwọn tí Ọlọ́run ní òun kò rán wà níbẹ̀. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣọ́ọ̀bù dá. Ọ́fíìsì lọ́yà kan wà ní òdìkejì òpópónà, mò ń rí pátákó rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á fún un, mo ní láti sọ fún un pé pásítọ̀ kò sọ pé kó má fèsì; pé èmi ni mo sọ ọ́, nítorí kó lè dùn; pé mo mọ gbogbo lẹ́tà wòlíì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́, ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ìyá ṣì ń fi gbólóhùn náà kí mi lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá kan ti fi kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

“Auntie, ìgbàgbọ́ ni,” mo wí. “Ẹ má rò ó jù.”

“Ṣé kí n má lọ bá lọ́yà nìyẹn?”

“Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn náà ni.”

Mo gba Bíbélì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní síìpù, kò ní wúrà létí, kò sì tóbi tó láti dún. Mo fi lẹ́tà ìjọba sáàárín rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan pa á dé, mo sì dá a padà fún un. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lójú pópó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi náà pa á dé.